Ọjọ́ mélòó ni àgbo fi ń jẹ́?

Obìnrin kan wá ra ewé àsunwọ̀n òyìnbó lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, torí ó ti di ọjọ́ kẹrin tí kò ti rí ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Mo ní kó sè é, kó mu ife kékeré kan, kó sì lọ sùn. Aago méje ló mu ún. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án tí inú rẹ̀ kò dún, ó mu ife kejì. Aago mọ́kànlá, ó mu ìkẹta. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí ọmọ rẹ̀ fi ń kanlẹ̀kùn mi: "Ìyá, ẹ dákun, màmá wa ò lè kúrò ní ṣáláńgá mọ́ o."

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Mo sọ ìwọ̀n fún un, n kò sọ wákàtí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú àsunwọ̀n kì í ṣiṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ikùn. Ó máa ń gba inú ìfun kékeré kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Ó di ìgbà tó bá dé ìfun ńlá, tí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé ibẹ̀ bá tú u, kó tó di oògùn. Ìrìn yẹn ń gbà tó wákàtí 6 sí 12. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń ní ká mu ún lálẹ́, ká lè bá a pàdé láàárọ̀. Ife kejì tí èèyàn bá gbé mì lẹ́yìn wákàtí 2 kò lè ti ti àkọ́kọ́ síwájú. Ńṣe ni yóò tẹ̀lé e, tí gbogbo wọn á sì jọ bẹ̀rẹ̀ ariwo lóru.

Ẹ mọ igi náà. Òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó nà ṣánṣán bí àbẹ́là. Ewé rẹ̀ kan náà là ń gún, tí a fi ń pa làpálàpá, ibẹ̀ ni kàlẹ́ńdà ti yí padà. Ohun tó ń fa làpálàpá ti wọ inú awọ ara, awọ ara sì ń gbà tó nǹkan bí oṣù kan kí ògbólógbòó tó bó tán kí tuntun tó gorí. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 là ń wí. Ìyún lè rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, àyè ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé ewé jù sílẹ̀. Kò ní pẹ́, ohun tó kù lábẹ́ awọ á tún ta jáde, wọ́n á sì wá bá mi pé ewé ò jẹ́. Ewé kan náà láti orí igi kan náà: òru kan fún ìfun, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin fún awọ. Ẹni tó bá bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ewé fi ń jẹ́, èmi náà á bi í pé: kí lẹ fẹ́ kó ṣe fún yín?

Ẹ̀jẹ̀ ríru le ju ìwọ̀nyí lọ, torí ara kì í sọ fúnni. Ẹni tí orí rẹ̀ fúyẹ́ lónìí lè ní ẹ̀jẹ̀ tó ga ju ti àná lọ. Ìsápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò ni wọ́n sábà ń bi mí léèrè. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tufts ní Boston tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n pín àgbàlagbà 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀ sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń mu tíì ìsápá ife 3 lójúmọ́, àwọn yòókù ń mu omi tí wọ́n kàn fi adùn ìsápá sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ìfúnpá àwọn tó mu ìsápá fi nǹkan bíi 7 wálẹ̀, ti àwọn yòókù kò ju nǹkan bíi 1 lọ. Ó jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 6 ni, ẹ̀rọ ìwọnfúnpá ló sì rí i, kì í ṣe orí tó fúyẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì wà ní 180, kí ni 7 fẹ́ ṣe fún un? Kó má fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí sóbò, pàápàá sóbò tí a da ṣúgà sí bí ẹni ń ṣe kúnú.

Ibà ni mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà. Dóńgóyárò, orúwo, awọ́pa, ewé tíì: ìdí ìkòkò wọn ni mo dàgbà sí. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa máa ń bẹ́ jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 48 síra wọn. Bó bá bẹ́, ara á gbóná, a gbọ̀n, a làágùn, ara á sì tún tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tó mu àgbo lọ́jọ́ tí ara tutù, àgbo ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kòkòrò yẹn lè yí ọmọ kékeré dà láàárín wákàtí 24, aboyún náà kò sì yọ sílẹ̀. Torí náà n kì í dá ọjọ́ fún ibà. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Àyẹ̀wò kíákíá yẹn kì í tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé mo kẹ́gàn ewé, kó rántí pé ara ewé ni wọ́n ti yọ artemisinin, oògùn ibà tí Tu Youyou ará Ṣáínà fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Síbẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn, wọ́n ń lò ó fún ọjọ́ 3. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí kí a máa se ewé rẹ̀ mu.

Èyí tó pẹ́ kò bà mí lẹ́rù tó èyí tó yá jù. Làkúrègbé ọdún 10 tí àgúnmu mú lọ láàárín wákàtí kan, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 2022, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa Artri King, tí wọ́n ń tà bí egbòogi fún oríkèé ara. Diclofenac, oògùn ìrora, àti dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, ni wọ́n bá nínú rẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú méjèèjì lára ìwé rẹ̀. Èyí èkejì yẹn lè mú ojú wú, kó sọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀, ẹni tó bá sì ti lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lójijì láì rí dókítà. Oògùn okun ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kí ìṣẹ́jú 60 tó pé, mo fura sí i bákan náà. Nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò dára, àmọ́ ẹ ka gbólóhùn kékeré tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó ní NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò.

Oníṣẹ́ wa kan, bí ẹ bá ní kò tíì jẹ́, á ní ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ni. Bí ẹ bá ń ṣu omi, á ní ó ń fọ inú. Bí ara bá yọ ìléròrò, àìsàn ló ń jáde. Wọ́n tún ní bí oògùn ò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. N kò bá àgbà jà, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí wọ́n ta ewé kan yẹn fún aláìsàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà.

Lọ́dọ̀ tèmi, kí owó tó yọ lápò la ti ń dá ọjọ́, a ó sì sọ àmì tí a ń retí. Bí ọjọ́ bá pé tí a kò rí i, n kò tún tà mọ́, ilé ìwòsàn ni. Bí ẹyin ojú bá pọ́n rúsúrúsú, tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì, a kì í dúró de ọjọ́ tí a dá.

Ìkòkò náà sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Àgbo tí a kò gbé kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ á kan. Èyí tí ẹ bá ṣí, tó ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ wá ra tuntun.