Kí ló dé tí àgọ́ inú igbó tí kò ní ẹ́síì fi wọ́n ju òtẹ́ẹ̀lì lọ?

Látìgbà tí tọkọtaya kan ní Òkèsà, nílùú Iléṣà, ti sọ pé Maasai Mara, ibi ìpamọ́ ẹranko ní Kẹ́ńyà, làwọn àti ẹbí ti fẹ́ lọ ṣe ọdún ìgbéyàwó àwọn, nínú àgọ́ kan tó ní òun ń tọ́jú àyíká, ìbéèrè ò tán lẹ́nu ẹbí. Èyí tó ta kókó jù nínú wọn nìyí.

Ìbéèrè: Kò sí ẹ́síì, kò sí tẹlifíṣàn, aṣọ ni wọ́n fi ṣe ògiri. Òtẹ́ẹ̀lì tó ní gbogbo ẹ̀ wà níbí, kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kí la ń san?

Ìdáhùn: Ọmọ òṣómàáló kì í sanwó láìmọ ohun tó rà, ẹ ò jẹ̀bi. Ilẹ̀ wà lára ohun tẹ́ ẹ ń sanwó rẹ̀. Lẹ́bàá ibi ìpamọ́ ẹranko Mara, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ìdílé Maasai. Àwọn onílé àlejò ń háyà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń san owó ilẹ̀ náà bí àlejò ò tiẹ̀ pọ̀. Àdéhùn wọn ni pé onílẹ̀ ò ní dáko síbẹ̀, kò ní fi wáyà yí i ká, ibi tí màlúù rẹ̀ máa jẹ dé náà sì ní ààlà. Bí owó bá dáwọ́ dúró, onílẹ̀ á ta ilẹ̀ rẹ̀ tàbí kó ṣọgbà sí i. Erin ò sì mọ ìwé àdéhùn. Wáyà ló máa kọ lù.

Yàrá ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀, kí ẹsẹ̀ èèyàn àti ọkọ̀ má bàa lé ẹran lọ. Ìnáwó tí òtẹ́ẹ̀lì ńlá máa pín sára ọgọ́rùn-ún yàrá, àgọ́ bíi mẹ́wàá ló ń gbé e. Ẹ fi ti ọ̀nà tí kò dára kún un: ẹyin, ẹ̀fọ́, gáàsì, ọ̀nà jíjìn ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Owó ìwọlé ọgbà ẹranko tún wà lọ́tọ̀, ó sì wọ́n fún àjèjì. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ti wà nínú iye tí wọ́n pè kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Ooru ò ní pa wá? Ṣé a lè gbé áyọ́ọ̀nù lọ?

Ìdáhùn: Òtútù lẹ máa bá jà. Ilẹ̀ Mara ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 1,500, òru ibẹ̀ kì í ṣe òru Iléṣà. Ẹ mú súwẹ́tà. Ní ti áyọ́ọ̀nù, sólà àti bátìrì ló ń gbé iná ọ̀pọ̀ àgọ́ bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń mú nǹkan gbóná, bíi kẹ́tù tàbí ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, máa ń fa iná gan-an, àwọn míì ò sì gbà á láàyè. Fóònù ò ní wàhálà.

Ìbéèrè: Kí nìdí tí wọn kì í jẹ́ ká dá rìn lálẹ́?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ò ní ọgbà. Erinmi máa ń jáde lódò lálẹ́ wá jẹ koríko, ọlọ́dẹ ló sì máa sìn yín dé àgọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń di ṣin-ṣín sínú báàgì, ẹ gbé e fún wọn lórí káńtà. Ọ̀bọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí síìpù.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa mọ ayédèrú, ìyẹn àgọ́ tó kàn ń fẹnu sọ pé òun ń tọ́jú àyíká?

Ìdáhùn: Kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé kẹ́ ẹ lo táwẹ̀lì kan lẹ́ẹ̀mejì ò ná wọn ní nǹkan kan. Ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, àti bóyá ọmọ abúlé ibẹ̀ wà lára àwọn máníjà. Ẹni tó ń ṣe é lóòótọ́ á sọ ọ́ títí á fi sú yín. Ayédèrú á fi fọ́tò kìnnìún dá yín lóhùn.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi làílọ́ọ̀nù di ẹrù?

Ìdáhùn: Rárá o. Kẹ́ńyà ti fòfin de báàgì ọ̀rá láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 2020, wọ́n fòfin de ike omi alálòsọnù nínú àwọn ọgbà ẹranko. Báàgì aláṣọ ni kẹ́ ẹ fi dì í, kẹ́ ẹ sì mú ìgò omi tó ṣeé bu omi sí. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever) ńkọ́? Ẹ fi sínú páásípọ́ọ̀tù báyìí.