Báńkì ìlú ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Báńkì ìlú, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí kòmúnítì báńkì, ni báńkì kékeré tí àwọn ará ìlú, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dá owó jọ láti dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti òpin ọdún 1990. Ní ìpínlẹ̀ Kwara, Ìlọrin tí í ṣe olú ìlú rí irú báńkì yìí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gúúsù ìpínlẹ̀ náà, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ méje wà: Ọ̀fà, Ọ̀yun, Ifẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀. Láti ìparí ọdún 2007, òfin kò mọ kòmúnítì báńkì mọ́. Èyí tó bá yè nínú wọn ti di Microfinance Bank, ìyẹn báńkì kékeré tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó.

Kí báńkì tó dé

Èésú ló ṣáájú. Àwọn èèyàn tó mọ ara wọn, bíi mẹ́wàá tàbí ogún, á máa dá iye kan náà ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan á sì kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Kò sí èlé nínú rẹ̀, kò sì sí ìwé tí ẹnikẹ́ni ń bọwọ́ lù. Ohun tó dè é ni pé ẹni tó bá kó tirẹ̀ tán lè sá, ṣùgbọ́n agboolé rẹ̀ kò lè sá. Olórí èésú sábà máa ń fi ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ sí sí ìparí, kí onítọ̀hún má baà kó owó tán kó di àwátì. Ọgbọ́n kan náà ni báńkì ń lò nígbà tó bá ní kí ẹni tó fẹ́ yáwó kọ́kọ́ fi oṣù mélòó kan tọ́jú owó sọ́dọ̀ òun.

Àjọ yàtọ̀ sí èésú. Alájọ ni yóò máa tọ oníbàárà lọ sí ìdí àtẹ rẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì tó ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá ń dá 500 náírà lójúmọ́ láìjẹ ọjọ́ kan yóò ti dá 15,500 náírà bí oṣù bá pé ọjọ́ 31. 15,000 náírà ni yóò gbà, alájọ yóò sì mú 500 tó kù fún iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fi ojú oníṣirò wò ó, oníbàárà ló ń sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú owó. Obìnrin tó ń ta ata ní ọjà Ìpàtà tàbí Ọjà Ọba ní Ìlọrin kì í kà á sí ìrẹ́jẹ, nítorí kò ní láti pa àtẹ dé kó tó lọ tò sórí ìlà ní báńkì, alájọ sì mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ ó tóbi: bí alájọ bá kú tàbí tó bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò sí ibi tí a ó ti gba owó náà.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló wá fi ìwé kún un. Akọ̀wé ń kọ ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá, ẹni tó bá sì fẹ́ yáwó sábà máa ń rí ìlọ́po méjì ohun tó ní nílẹ̀ gbà, bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá dúró fún un. Ẹni tí kò bá rí èyí ṣe ni yóò forí lé ọ̀dọ̀ sògúndogójì. Orúkọ yẹn ti ṣàlàyé ara rẹ̀: ẹni tó yá ogún yóò san ogójì. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò rí owó san le fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lóko olówó.

Ohun méjì míràn ló la ọ̀nà fún báńkì ìlú ní agbègbè yìí. Èkíní ni ìrìn àjò òwò. Ọ̀nà rélùwéè tó gba Ọ̀fà dé Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1908 mú kí àwọn alájàpá máa ná ọjà jíjìn, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ìgbómìnà sì lọ ṣòwò ní Gánà. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ìparí ọdún 1969, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló padà wálé. Òǹkọ̀wé tó bá ń kọ ìtàn báńkì nìkan lè fo èyí kọjá, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé àwọn tó ti fi ọdún pípẹ́ ṣòwò ní Gánà yìí wà lára àwọn tó mọ ìwé owó jùlọ nínú ìlú wọn.

Èkejì ni ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Offa Descendants Union (ODU) ló dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1943, láti inú owó tí àwọn ọmọ ìlú dá nílé àti lẹ́yìn odi. Òmù-Àrán ní Omu-Aran Development Association (ODA), Ìlọrin sì ní Ilorin Emirate Descendants Progressive Union (IEDPU). Ìlú tó ti fi owó ìdáwó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kò ní láti tún kọ́ bí a ṣe ń dá owó jọ nígbà tí ọ̀rọ̀ báńkì dé.

Báńkì ńláńlá kò sún mọ́ ìgbèríko. Ní ọdún 1977 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) bẹ̀rẹ̀ ètò tó fi tipátipá mú wọn láti ṣí ẹ̀ka sí àwọn ìlú kéékèèké. Ẹ̀ka wọ̀nyẹn gba owó pamọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n àríwísí tó tẹ̀ lé e ni pé Èkó ni wọ́n ń kó owó náà lọ yá ènìyàn, kì í ṣe àgbẹ̀ tó fi í pamọ́.

Ìdásílẹ̀

Ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kéde ètò kòmúnítì báńkì ní ọdún 1990. Èyí àkọ́kọ́, Alheri, ṣí ní Tudun Wada ní Kàdúná ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Òfin ológun nọ́ńbà 46 ti ọdún 1992 ló fi ẹsẹ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó wọn, National Board for Community Banks, múlẹ̀. 250,000 náírà ni owó ìdásílẹ̀. Báńkì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ní ẹ̀ka, kò gbọdọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, bí sọ̀wédowó bá sì wọlé, àfi kó gba ọwọ́ báńkì ńlá kan lọ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ló ní láti jẹ́ aṣíwájú àwọn onípìn-ín, òfin kò sì gbà kí ẹnìkan ṣoṣo gba ìpín tó pọ̀ jù mọ́ra. Ní àárín ẹ̀wádún náà, iye wọn káàkiri orílẹ̀-èdè ti ju 1,000 lọ.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Ilé oníyàrá mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ni báńkì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́, pẹ̀lú máníjà, kaṣíà, ọlọ́dẹ àti àwọn tó ń rìn kiri gba owó. Iṣẹ́ àwọn agbowó yìí kò yàtọ̀ sí ti alájọ, àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ti ṣe alájọ rí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé owó náà ń wọ ìwé báńkì lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ ọjà ni iṣẹ́ ń pọ̀. Nílùú tí ọjà rẹ̀ jẹ́ ọlọ́rùn-ún, àárín ọjọ́ méjì ọjà a máa dákẹ́ rọ́rọ́, èyí sì ń mú kí iye owó tó yẹ kó wà nínú àpótí báńkì ṣòro láti díwọ̀n.

Ẹni tó fẹ́ yáwó kì í sábà ní ìwé ilẹ̀ tí yóò fi dúró. Onídùúró ni wọ́n ń béèrè, àti ìwà. Ìgbìmọ̀ olùdarí, tí í ṣe àwọn olóyè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, oníṣòwò àti aṣojú ẹgbẹ́, mọ ìdílé oníyàáwó dé ìran kẹta. Àǹfààní báńkì ìlú nìyí, ibẹ̀ náà sì ni àìsàn rẹ̀ wà. Wọ́n mọ ẹni tó ń san gbèsè, nítorí náà wọn kì í fi àkókò ṣòfò lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ̀wé ìkìlọ̀ sí olóyè tó jókòó lórí àga olùdarí, tàbí tí yóò lọ mú ẹ̀rọ ìránṣọ àna ara rẹ̀? Yorùbá ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Nínú ìlú tí gbogbo ènìyàn bára tan, ó ṣòro láti dá ọ̀nà náà dí.

Èrò míràn tún wà tó ba ìgbàsan owó jẹ́. Nítorí pé ìjọba ló ń pariwo ètò náà, àwọn kan gbà pé owó ìjọba ni, ìpín tiwọn nínú ọrọ̀ orílẹ̀-èdè, tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè padà. Nínú gbogbo ohun tí a lè kà sí ìdí ìkùnà báńkì ìlú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èyí ni a fojú kéré jù.

Owó tí wọ́n ń yá ènìyàn kéré, àkókò rẹ̀ sì kúrú: owó ọjà fún alárobọ̀, owó òwú fún ahunṣọ òfì, owó fún àwọn obìnrin amọ̀kòkò ní Dada lágbègbè Òkèlele ní Ìlọrin. Àgbẹ̀ ló ṣòro jù láti bá ṣe. Iṣu kì í ta lóṣù mẹ́ta, igi kajú sì ń gba ọdún mélòó kan kó tó so, nígbà tó jẹ́ pé owó tí báńkì ń yá jáde jẹ́ ti ẹni tó lè wá béèrè rẹ̀ lọ́la.

Ìṣòro ẹ̀wádún 1990

Lẹ́yìn tí ìjọba fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, ìfòyà mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa gba owó wọn jáde. Àwọn báńkì ńlá ń dẹnu kọlẹ̀ lákòókò yẹn, ọ̀dọ̀ wọn sì ni báńkì ìlú ń fi owó tirẹ̀ pamọ́ sí. Báyìí ni owó àwọn ìyálọ́jà ṣe há sínú báńkì tí wọn kò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí.

Ìgbà Microfinance

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, CBN gbé ìlànà tuntun jáde: kí gbogbo kòmúnítì báńkì di Microfinance Bank kí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2007 tó kọjá, pẹ̀lú owó ìdásílẹ̀ tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà. Ìlọ́po ọgọ́rin owó tí àwọn ti àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìdáwó ọjà kò lè gbé e. Ìlú tó bá ní ọmọ olówó ní Èkó, ní Àbújá tàbí lókè òkun ké sí wọn. Àwọn yòókù pa báńkì wọn pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n tì í pa. Owó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìlú díẹ̀díẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn onípìn-ín ńlá tí kì í gbé inú ìlú náà.

Oṣù kìíní ọdún 2006 gan-an ni CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Trade Bank, báńkì ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí pé kò rí bílíọ̀nù 25 náírà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn báńkì ńlá kó jọ.

Orúkọ àwọn tó wà nílẹ̀ ṣì ń sọ orírun wọn. Balogun Gambari àti Balogun Fulani Microfinance Bank ní Ìlọrin jẹ́ orúkọ méjì nínú àdúgbò Balógun mẹ́rin ìlú náà. Àjíkọbì àti Àlánámú ni méjì yòókù. Unilorin Microfinance Bank so mọ́ yunifásítì, Ibolo Microfinance Bank ní Ọ̀fà sì ń jẹ́ orúkọ ẹ̀yà Ìbọ̀lọ́.

CBN fagi lé ìwé àṣẹ Microfinance Bank 224 káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2010, ó sì dá ti àwọn kan padà lẹ́yìn náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó tún fagi lé ti 132. Owó ìdásílẹ̀ tó kéré jù lọ ti di mílíọ̀nù 50 náírà ní ìgbèríko, ó sì jẹ́ mílíọ̀nù 200 fún báńkì ojúkò kan ní ìgboro.

Ìdigunjalè Ọ̀fà

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ja àwọn báńkì tó wà nínú ìlú náà lólè. Ọlọ́pàá mẹ́sàn-án wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kú. Ìròyìn ìgbà náà ka Ibolo Microfinance Bank mọ́ àwọn ibi tí wọ́n wọ̀. Ìlẹ̀kùn báńkì wà ní títì fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ní láti máa gbé owó lọ sí ìlú míràn.

Ọ̀rọ̀ èlé

Ìlọrin jẹ́ ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù fìdí múlẹ̀ sí, èlé sì jẹ́ ribà, ohun tí ẹ̀sìn náà kà léèwọ̀, lójú àwọn àlùfáà. Àwọn oníbàárà kan kì í gba èlé tí báńkì bá fi lé owó wọn. Àwọn míràn kò fẹ́ yáwó rárá. Ní ọdún 2017, CBN gbé ìlànà jáde fún Microfinance Bank tí kì í gba èlé, èyí tó fi àyè sílẹ̀ fún òwò àjùmọ̀pín èrè àti òfò, tàbí kí báńkì ra ọjà kó sì tún un tà fún oníbàárà lérè.

Ipò lọ́wọ́lọ́wọ́

Ẹ̀rọ POS àti báńkì orí fóònù ti gba apá kan iṣẹ́ agbowó ìdí àtẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ọ̀wọ́n owó tuntun dé, àwọn tó wà nídìí POS ń ta owó fún ènìyàn. NDIC, tó ń dójú tòfò fún owó inú báńkì, gbé iye tó ń dá padà fún oníbàárà Microfinance Bank tó bá wó kúrò ní 200,000 náírà sí mílíọ̀nù méjì náírà ní ọdún 2024. Owó àjọ tó wà lọ́wọ́ alájọ kò sí lábẹ́ ètò yìí.