Bluetooth kì í se ọpọlọ

Ẹ wọ Micra ní Iwo Road, kí ẹ ki íyápíìsì Bluetooth bọ etí, àgbàlagbà kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá yín wí kí ọkọ̀ tó gbéra. "Ọmọ mi, yọ nǹkan yẹn o, ọpọlọ ló ń sè." Ìyá kan tí a jọ ń lọ sí Dùgbẹ̀ tiẹ̀ ní ẹ̀rí lórí WhatsApp: àwòrán orí èèyàn tí wọ́n kun apá ibi etí rẹ̀ ní pupa. Ó ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ìpè wọlé. Màmá fi èjìká há fóònù mọ́ etí kó lè ráyè ka ṣéńjì, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lọ láti Agodi Gate títí a fi dé Mọ́kọ́lá.

Fóònù tí Màmá há mọ́ etí yẹn ló ń fi agbára rédíò tó pọ̀ jù ránṣẹ́, kì í ṣe Bluetooth tí wọ́n ní kí n yọ.

Fóònù ní láti bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, òpó náà sì lè jìnnà ní kìlómítà mélòó kan. Lórí 2G, ní ìgbì mégáhẹ́ẹ̀tì 900, agbára tó ń rán jáde lè ga tó wáàtì 2. Kì í rán an láìdáwọ́dúró, torí náà bí a bá ṣírò rẹ̀ papọ̀, ó ń lọ sí bíi mílíwáàtì 250 (ẹgbẹ̀rún mílíwáàtì ló wà nínú wáàtì kan). Lórí 4G, ó lè tó 200. Íyápíìsì ńkọ́? Fóònù inú àpò lásán ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ Bluetooth wà ní kíláàsì 2, tí kò gbọdọ̀ kọjá mílíwáàtì 2.5, tí kì í sì í dé ju bíi mítà 10 lọ. Àwọn mìíràn lágbára jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ wọn ò tó fóònù. Ẹni tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹní kan náà ò ní kígbe bí ẹni tó dúró lórí òkè Màpó tó ń pe èèyàn ní Béèrè.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe ń ṣe ségesège tó ni fóònù á ṣe máa fi kún agbára tó ń lò. Nítorí náà, ẹni tó gbé fóònù sínú báàgì, tó ń fi Bluetooth sọ̀rọ̀, ti dín ohun tó ń dé orí rẹ̀ kù. Òdìkejì ìkìlọ̀ inú ọkọ̀ gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "sísè" ò ṣàdédé wáyé ṣá. Máíkírówéfù tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná ń lo ìgbì gígáhẹ́ẹ̀tì 2.45, Bluetooth náà sì wà ní àyíká 2.4. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan, ẹ̀rù á bà á. Ṣùgbọ́n máíkírówéfù wáàtì 800 fi agbára ju mílíwáàtì 2.5 lọ ní ìlọ́po 320,000, inú àpótí irin tó sé pinpin ni agbára ọ̀hún sì wà. Bí etí yín bá ń móoru lẹ́yìn wákàtí méjì, òógùn tí kò rí afẹ́fẹ́ ni, àti bátìrì kékeré inú rẹ̀.

Àwọn kan tún ní Bluetooth ń fa jẹjẹrẹ. Ìyẹn náà ní orísun. Ní 2011, ẹ̀ka tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, IARC, fi ìgbì rédíò sí ìpele 2B: ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ ò tó. Ẹran màlúù wà ní 2A, tó ga jù ú lọ, n kò sì tíì rí ẹni tó torí ẹ̀ yọ ẹran kúrò lórí àmàlà ní Bódìjà. Ní 2019, ìròyìn kan tàn ká pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lé ní 200 ti kìlọ̀ nípa AirPods, íyápíìsì Bluetooth ti ilé iṣẹ́ Apple. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n tọ́ka sí ti wà láti 2015, kò sì dárúkọ AirPods rárá. Nígbà tó di 2024, àyẹ̀wò kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n ṣe kó ìwádìí 63 jọ, kò sì rí i pé fóònù ń fa jẹjẹrẹ ọpọlọ. Fóònù fúnra rẹ̀ ni mò ń wí o. Àwa tí a sá fún àwọn nọ́ńbà kan ní 2004, pé ẹni tó bá gbé ìpè wọn á kú, ó yẹ ká ti mọ irú ìròyìn báyìí.

Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá. Ariwo inú íyápíìsì ló ń ba etí jẹ́, ti oníwáyà náà ò sì yàtọ̀. Mo mọ àwọn tó ti ju Bluetooth nù nítorí ọpọlọ, tí wọ́n ra oníwáyà, tí wọ́n sì gbé ohùn rẹ̀ dé góńgó torí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti agbérò. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó; òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àgbàlagbà ni dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ló kù fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Irun tín-ín-tín tó ń gbọ́ràn nínú etí, bó bá ti kú, kì í hù mọ́. Ìdí nìyí tí èyí tó bá dí ihò etí dáadáa fi sàn jù: kò ní gba kí ẹ gbé ohùn sókè kí ẹ tó gbọ́ orin.

Lójú títì, ẹ fi etí kan sílẹ̀ fún fèrè ọkọ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ kó má sì rò pé nítorí ọwọ́ òun méjèèjì wà lórí ìdarí, ọkàn òun náà wà níbẹ̀. Ìpè ti gbé e lọ.

Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí ẹ yọ íyápíìsì, tí ilẹ̀ mọ́ tí kò dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro àdí sí i.