Ojú Tó Pọ́n Bí Ìyeyè àti Àárẹ̀ Tí Kò Lọ Lára Ọ̀dọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá sábà máa ń lò fún ojú tó dà bí ẹ̀jẹ̀ àti ojú tó dà bí èso ìyeyè: a ní ojú ọmọ náà pọ́n. Èkínní lè jẹ́ àpólò tàbí eruku ọyẹ́, kò sì kan ẹ̀dọ̀ rárá. Èkejì ni ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí ó máa ń bá àárẹ̀ rìn, tí ọmọ ọdún 14 tàbí 15 yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí àga ní kíláàsì, tí kò sì ní lè rìn dé ilé láìdúró sinmi lọ́nà. Èkejì yìí ni àlàyé yìí dá lé.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni wọ́n fi ń wo irú ojú bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ yóò mú ọmọ náà lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, nítorí pé iná gílóòbù lè bo pípọ́n náà mọ́lẹ̀. Yóò ní kí ó wolẹ̀, yóò gbé ìpéǹpéjú òkè, yóò sì wo ibi tí oòrùn kì í dé lára funfun ojú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ni àwọ̀ ilẹ̀ wà díẹ̀díẹ̀ nínú funfun ojú wọn láìsí àìsàn kankan, ṣùgbọ́n èyí kì í sábà dé abẹ́ ìpéǹpéjú, nígbà tí pípọ́n àìsàn máa ń kárí. Lẹ́yìn náà ni yóò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, láti wò ó bóyá inú rẹ̀ ṣì pupa tàbí ó ti funfun bí ẹ̀kọ. Ti òkè ń sọ ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dín kù.

Ohun tó ń pọ́n ojú náà ni bilirúbìn. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kan máa ń lò kí ó tó gbó, kí ara sì tó wó o, inú àwókù yìí sì ni èròjà aláwọ̀ ìyeyè náà ti ń jáde. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbà á, tí ó ń sọ ọ́ di ohun tó lè yọ́ nínú omi, tí ó sì ń dà á sínú òróòro kí ó lè bá ìgbẹ́ jáde. Ibi mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ti lè bàjẹ́: kí ẹ̀jẹ̀ máa wó jù bí ẹ̀dọ̀ ṣe lè kó o lọ, kí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ máa ṣàìsàn, tàbí kí ọ̀nà òróòro dí.

Ti àkọ́kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ rò lọ́dọ̀ wa. Lára ọmọ tó ní arọmọléegun, tí genotype rẹ̀ jẹ́ SS, hóró ẹ̀jẹ̀ kì í sábà lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, nítorí náà ojú rẹ̀ lè pọ́n díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí àárẹ̀ sì di bárakú fún un. Ibà ẹ̀fọn náà ń wó ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mìíràn wà tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, kò tó lára wọn, tí káńfọ̀ tí ìyá wọn fi sáàárín aṣọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn wó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ìtọ̀ wọn sì dúdú bí kóòkì. Ní ti ẹ̀dọ̀, mẹ́dọ̀wú ni olórí, a sì ti ń fún ìkókó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára irú B rẹ̀ ní Nàìjíríà láti 2004. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà òróòro ló dí, ìgbẹ́ a funfun bí efun, ara a sì máa yún ọmọ náà. Ẹ̀yà kan tún wà tí kì í ṣe ewu, tí wọ́n ń pè ní Gilbert: ẹ̀dọ̀ kàn ń lọ́ra ni, ìgbà ọ̀dọ́ ló sì sábà máa ń hàn, pàápàá bí ọmọ bá gba ààwẹ̀.

Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, ti mọ àìsàn yìí tipẹ́. Orúkọ méjì ni ó ní nínú ìwé Charaka Samhita: Pandu, nígbà tí àwọ̀ ara bá ń ṣá tí agbára sì ń tán, àti Kamala, nígbà tí ojú, èékánná àti ìtọ̀ bá pọ́n. Ìwé náà sọ pé ẹni tó ti ní Pandu, tí ó tún ń jẹ ohun tó ń ru pitta, ìyẹn agbára ooru inú ara, ni Kamala máa ń mú. Àwọn tó kọ ọ́ kò rí hóró ẹ̀jẹ̀ rí, síbẹ̀ wọ́n ti ṣàkíyèsí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ àti pípọ́n ojú lè jọ rìn. Ojú wọn mú. Ìtọ́jú wọn ni láti fi oògùn kíkorò ṣu pitta jáde, kí wọ́n sì fi eérú irin sí i bí Pandu bá wà. Eléwé ọmọ ní Ọjà Tààkì ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ka èyí sí àjèjì, nítorí pé ewé bhumyamalaki tí wọ́n ń lò fún ẹ̀dọ̀ ní Íńdíà, ọmọ ìyá ẹ̀yìn olóbe tí òun náà ń tà ni.

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà ni pé Ayurveda ń tọ́jú àwọ̀ àti ooru tó rí, dókítà sì ń wá ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí ó tó fúnni ní ohunkóhun. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ọmọ SS bá lo oògùn ìṣunú, omi ara rẹ̀ a gbẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì dì mọ́ra nínú iṣan, ìrora egungun a sì dé. Eérú irin náà kò yẹ ẹ́ bí àyẹ̀wò kò bá fi hàn pé irin kù lára rẹ̀, nítorí pé irin inú ẹ̀jẹ̀ tó wó kì í jáde lọ, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí i lára sì ń dá kún un. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 yẹ oògùn Ayurveda 193 tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, ó sì bá òjé, mákúrì tàbí ásíníìkì nínú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn. Òjé ń dí ṣíṣe ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ó lè dá kún àárẹ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ lo oògùn.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ìgò kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti ìtọ̀ nínú ife ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. PCV ń sọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Genotype àti àyẹ̀wò ibà ń wá ohun tó ń wó o. Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ sì ń pín bilirúbìn sí méjì, èyí tí ẹ̀dọ̀ kò tíì fọwọ́ kàn àti èyí tí ó ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí èyí àkọ́kọ́ bá ló pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń wó, tàbí kí ó jẹ́ Gilbert. Bí èkejì bá ló pọ̀, ẹ̀dọ̀ tàbí ọ̀nà òróòro ni kí a yẹ̀ wò. Ti èkejì nìkan ló ń bá ìtọ̀ jáde, ìdí nìyí tí bébà tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ fi wúlò. Bí ọmọ bá ń sọ ìsọkúsọ, tí ó ń bì, tàbí tí kò lè dìde, kò sí ìdúró de èsì: pàjáwìrì ni.

Ojú kì í tètè mọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú. Apá kan nínú bilirúbìn tí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí máa ń so mọ́ èròjà albumin inú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í kúrò títí tí albumin náà yóò fi gbó, èyí tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láàárín àkókò náà, ọmọ lè ti máa jẹun, kí ó ti padà sí ilé ẹ̀kọ́, kí ojú rẹ̀ sì ṣì pọ́n díẹ̀. Àgbo tí wọ́n bá sì fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni ìyìn máa ń jẹ́ tirẹ̀.