Oòrùn ti wọ̀, ojú ṣì ń rí i

Bí ẹ bá dúró létí òkun nírọ̀lẹ́, tí ẹ rí i tí ìsàlẹ̀ oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan omi, oòrùn gan-an ti wọ̀ tán. Àwòrán rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbé sókè fún yín. Refraction ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹ jẹ́ ká pè é ní títẹ̀ ìmọ́lẹ̀.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ fi ìdérí ìgò mínírà sí ìdí abọ́ tánganran (kọ́bọ̀ là ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló tún ń rí kọ́bọ̀?). Ẹ máa fà sẹ́yìn títí etí abọ́ yóò fi bo ìdérí náà mọ́ yín lójú. Ẹ má kúrò níbẹ̀, kí ẹnì kan rọra bu omi sínú abọ́. Ìdérí á tún yọ, bẹ́ẹ̀ kò sì rìn! Ìmọ́lẹ̀ tó ti ara rẹ̀ wá ló tẹ̀ bó ṣe ń jáde nínú omi, tó wá gba orí etí abọ́ dé ojú yín.

Iṣẹ́ omi yẹn ni afẹ́fẹ́ ń ṣe. Afẹ́fẹ́ ki nísàlẹ̀ ju òkè lọ, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ojú kò mọ̀ pé ó tẹ̀. Bí ẹ bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 60, fífẹ̀ oòrùn tó nǹkan bí 32. Gbígbé tí afẹ́fẹ́ ń gbé e létí ọ̀run tó nǹkan bí 34. Ní Èkó, ìyẹn ń fi ohun tó ju ìṣẹ́jú méjì lọ kún ojúmọmọ láàárọ̀, àti òmíràn nírọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá wà lókè orí gan-an, kò sí títẹ̀ kankan.

Ìsàlẹ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ń gbé jù, ìdí nìyẹn tó fi ń rí pẹlẹbẹ bí ẹyin tó dùbúlẹ̀ nígbà tó bá ń wọ̀. (Pípọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ títẹ̀.)

Irú títẹ̀ yìí tó lágbára gan-an ṣẹlẹ̀ ní Novaya Zemlya, lápá àríwá Rọ́ṣíà. Yìnyín há àwọn atukọ̀ Willem Barentsz, ará Họ́láǹdì, mọ́ ibẹ̀, òkùnkùn sì bò wọ́n látòṣù kọkànlá. Ní January 24, 1597, wọ́n rí oòrùn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tó yẹ kó yọ. Afẹ́fẹ́ tútù tó wà lábẹ́ èyí tó móoru ló fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yí ayé ká dé ọ̀dọ̀ wọn. Gerrit de Veer, ọ̀kan lára wọn, kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, àwọn kan ní ọjọ́ ni wọn kò kà pé.