Bí Hong Kong ṣe wá àyè fún ìwé ìrìnnà tí kò tíì sí

Ilẹ̀ tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìjọba kan sí ti òmíràn ní ìṣòro kan tí àsíá tuntun kì í yanjú: ìwé ìrìnnà àwọn ará ibẹ̀. Ìwé àtijọ́ ń kú lọ, tuntun kò sì tíì níyì lójú ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1984 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Ṣáínà tọwọ́ bọ àdéhùn pé Hong Kong, tó wà lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì, yóò padà sọ́wọ́ Ṣáínà lọ́jọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 1997. Láti 1987 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún àwọn ará ibẹ̀ ní ìwé BN(O), ìyẹn ìwé ìrìnnà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé òkèèrè (British National Overseas). Ó ṣeé fi rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n kò fún oníwèé ní ẹ̀tọ́ láti lọ máa gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí wọ́n bá sì bí lẹ́yìn ìyípadà náà kò lè jogún rẹ̀. Ìwé tí Hong Kong yóò ṣe fúnra rẹ̀ ló kù. Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1990, òfin àgbà tí wọn yóò fi máa ṣàkóso Hong Kong lábẹ́ Ṣáínà, ti la ọ̀nà rẹ̀: abala 154 fàyè gbà á pé kí ìjọba Hong Kong máa fún ni ní ìwé náà, abala 155 ní kí ìjọba Ṣáínà ní Beijing ràn án lọ́wọ́, tàbí kó fún un láṣẹ, láti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣàdéhùn àìgba-físà.

Òfin nìkan kò tó. Ohun tí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń bi wọ́n ni pé: ta ló lè rí ìwé yìí gbà? Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún mílíọ̀nù 6 àti díẹ̀ ará Hong Kong kò gbọdọ̀ di ti bílíọ̀nù kan ará Ṣáínà. Ìdáhùn wà nínú ìwé náà gan-an. Ọmọ Ṣáínà tó ní káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé Hong Kong títí láé nìkan ló ń gbà á, wọ́n sì tẹ ẹ̀tọ́ yẹn àti nọ́ńbà káàdì náà sínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ Ímígírésọ̀n Hong Kong nìkan ló ń ṣe é. Ẹni tó wà lókèèrè lè já fọ́ọ̀mù rẹ̀ sí ẹ́ḿbásì Ṣáínà, àmọ́ Hong Kong ni fọ́ọ̀mù náà ń lọ. Ẹ̀tọ́ ìgbélùú yẹn kan náà ló dáhùn ìbéèrè kejì: bí wọ́n bá lé oníwèé kúrò, ta ni yóò gbà á padà?

Àkókò ló wá le. Wọn ò lè fún ẹnikẹ́ni ní ìwé náà ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Keje, síbẹ̀ ìlérí gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Ojú gbogbo wà lára Gẹ̀ẹ́sì: bí ẹni tó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé kò bá gba ìwé náà, ta ni yóò gbà á? Ní oṣù Kẹta 1996, John Major, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kéde ní Hong Kong pé oníwèé tuntun kò ní nílò físà láti ṣàbẹ̀wò sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yúróòpù falẹ̀ ní tiwọn. Ọdún 2001 ni òfin 539 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Hong Kong àti Macau, agbègbè Ṣáínà mìíràn, sára àwọn tí kò nílò físà.

Àṣìṣe kan ṣì kù tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi àyẹ̀wò ọkọ̀ òfuurufú. CHN, àmì Ṣáínà, ni ẹ̀rọ ń kà nínú ìwé Hong Kong, bó ṣe ń kà á nínú ti ará Ṣáínà yòókù, ni òṣìṣẹ́ bá ní kí èrò mú físà wá. Orúkọ Hong Kong tó wà lára èèpo iwájú ìwé náà ló yẹ kó wò.