Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Tó Kọjú sí Gúúsù: Ṣé Ó Tọ́ Kí A Tìtorí Rẹ̀ Fowó Kún Owó Ilé?

Bí ìgbà ooru bá ti ń kan ilẹ̀kùn ní Ìlú Ọba, àwọn ìwé ìròyìn a tún gbé e jáde pé ilé tí ọgbà rẹ̀ jẹ́ "south-facing" ń wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Àwọn èèyàn wa tó ń wá ilé rà níbẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ náà pàdé nínú ìpolówó, àwọn éjẹ́ńtì sì ń kì í bí oríkì. Ìbéèrè wá pọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń pè ní ọgbà tó kọjú sí gúúsù gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ kẹ́yìn sí ilé, ẹ wo ọgbà lọ́ọ̀ọ́kán. Ibi tí ojú yín kọ sí nìyẹn. Kì í ṣe ibi tí iwájú ilé kọ sí o. Bí ọgbà ẹ̀yìn bá kọjú sí gúúsù, àríwá ni yàrá iwájú kọjú sí, kò sì ní rí oòrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kò ní rí ìyẹn nínú ìpolówó.

Ìbéèrè: Nílé, kò sẹ́ni tó ń bèèrè irú èyí. Kí ló sọ ọ́ di ọ̀ràn níbí?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ ní Èkó ń bèèrè ti ọmọ onílẹ̀ àti ibi tí àgbàrá ń gbà, ó tán. Oòrùn ọ̀sán tiwa kì í jìnnà sí àtàrí. Ní Oṣù Kẹfà pàápàá, apá àríwá loòrùn ọ̀sán Èkó ń wà. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, apá gúúsù loòrùn ọ̀sán ń gbà, kì í sì í ga. Oòrùn Èkó níbi tó ti rẹlẹ̀ jù lọ́dún, ìyẹn nínú Oṣù Kejìlá, ṣì ga tó nǹkan bíi dígírì 60 lọ́sàn-án (òdo ni ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ojú ọ̀run, 90 ni àtàrí). Níbi tí ti Lọ́ńdọ̀nù ti ga jù lọ, nínú Oṣù Kẹfà, dígírì 62 ni. Tó bá di Oṣù Kejìlá, ó ti já wálẹ̀ sí 15.

Òjìji lẹ ti máa rí ohun tí nọ́ńbà yìí ń ṣe. Ẹ mú ohun tó ga ní mítà 8, bí ilé olókè kan tí a wọ̀n dé ṣóńṣó òrùlé. Lọ́sàn-án Oṣù Kẹfà, òjìji rẹ̀ kò ju mítà 4 àti díẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ 20 Oṣù Kẹta, ó ti tó mítà 10. Ní Oṣù Kejìlá, ó di mítà 30, apá àríwá ilé ló sì ń sùn sí. Ìdí tí wọ́n fi ń sá fún ọgbà tó kọjú sí àríwá nìyẹn: ilé yín fúnra rẹ̀ ló ń ṣíji bò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ yí i wò díẹ̀. Ọgbà tó kọjú sí gúúsù náà ní ohun tó wà níwájú rẹ̀: ilé àwọn ará ẹ̀yìn, igi ńlá, tàbí ilé gogoro tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Òjìji ti àwọn yẹn ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọgbà gúúsù kúkurú tí igi yí ká lè ṣókùnkùn ju ọgbà àríwá gígùn tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Òṣùwọ̀n oòrùn inú ọgbà tí BRE, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa ilé kíkọ́ ní Ìlú Ọba, gbé kalẹ̀ fún àwọn tó ń yẹ àwòrán ilé tuntun wò kò tilẹ̀ dárúkọ gúúsù. Ohun tó sọ ni pé, ó kéré tán, kí ìdajì ọgbà rí oòrùn fún wákàtí 2 ní ọjọ́ 21 Oṣù Kẹta. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi éjẹ́ńtì nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ló ṣeé ṣe kó fi dá yín lóhùn.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ní Ọsirélíà ní àríwá làwọn ń wá. Ta ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì. Lọ́hùn-ún, ní ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé, àríwá loòrùn ọ̀sán ń gbà.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ló ń gbówó lórí?

Ìdáhùn: Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà inú ìròyìn. Iye tí ẹni tó ń tà kọ sínú ìpolówó ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò, kì í ṣe iye tí wọ́n san nígbẹ̀yìn. Gbogbo wa tó ti ná ọjà Bódìjà rí la mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Ẹni tó ní ọgbà ńlá ló sì ń ráyè yangàn nípa oòrùn rẹ̀, nítorí náà ó lè jẹ́ fífẹ̀ ọgbà ni wọ́n ń sanwó fún.

Ìbéèrè: Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó kù sọ́wọ́ ìgbà tí ẹ ń ráyè. Nọ́ọ̀sì tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ máa gbádùn ọgbà ìlà-oòrùn pẹ̀lú tíì àárọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń wọlé ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀-oòrùn ni kó wá: nínú Oṣù Kẹfà, ó ti ń kọjá aago 9 alẹ́ kí oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tó wọ̀.

Ìbéèrè: Mo ti ra èyí tó kọjú sí àríwá. Ṣé mo ti jìn sí kòtò?

Ìdáhùn: Ó tì o. Ẹ gbé àga yín lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà, kúrò lábẹ́ ilé. Bí ọgbà bá gùn ju mítà 10 lọ, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ á máa rí oòrùn ọ̀sán láti Oṣù Kẹta títí wọ Oṣù Kẹsàn-án, bí nǹkan mìíràn kò bá dí i. Nígbà ooru, oòrùn tún ń yọ láti igun àríwá-ìlà-oòrùn, ó sì ń wọ̀ ní igun àríwá-ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà ẹ̀yìn ilé yín pàápàá á rí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ tún wo fẹ́ńsì ìsàlẹ̀ náà dáadáa: ojú rẹ̀ tó kọ sí ilé yín, gúúsù ló kọ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gbin ata àti tòmátì sí, torí wọ́n ń fẹ́ oòrùn bíi wákàtí 6 lóòjọ́. Tẹ̀tẹ̀ náà á ṣe dáadáa níbẹ̀ nígbà ooru.

Ìbéèrè: Ṣé gúúsù tiẹ̀ ní àléébù?

Ìdáhùn: Ooru. Ní ọjọ́ 19 Oṣù Keje 2022, ó dé dígírì 40.3 ní Coningsby, ní England. Ilé tí wọ́n fi gíláàsì dí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, tó tún wá kọjú sí gúúsù, á di ààrò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bí éjẹ́ńtì bá purọ́?

Ìdáhùn: Ẹ lo kọ́ńpáàsì orí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí ọkọ̀ àti irin. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ ti Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkọsílẹ̀ ilẹ̀, òkè rẹ̀ ni àríwá. Tàbí kí ẹ débẹ̀ ní nǹkan bí aago 1 ọ̀sán nígbà ooru, aago 12 nígbà òtútù: ibi tí oòrùn wà, gúúsù nìyẹn. Ẹ má gbàgbé láti wo ilẹ̀. Bí òkúta tí wọ́n tẹ́ bá ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, oòrùn kì í pẹ́ níbẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n kọ sínú ìpolówó.

Ìbéèrè: Ṣé aládùúgbò lè kọ́ nǹkan dí oòrùn mi lẹ́yìn tí mo bá ti sanwó tán?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é dáadáa. Ní England àti Wales, òfin 1832 dáàbò bo fèrèsé tó ti ń gba ìmọ́lẹ̀ fún ọdún 20, ṣùgbọ́n ọgbà kò sí nínú ẹ̀tọ́ yẹn. Ní England, ilé tó fara kan òmíràn lè fi ilé ilẹ̀ tó yọ tó mítà 3 kún ẹ̀yìn rẹ̀ láìtọrọ àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ káńsù, bí kò bá rú àwọn ìlànà yòókù. Fẹ́ńsì tó ga ní mítà 2 kò sábà gba àṣẹ. Ibi tí ẹ ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni àwọn igi tí kì í wọ́wé, tí wọ́n gbìn tò bíi fẹ́ńsì, tó ga ju mítà 2 lọ: òfin 2003 fún káńsù lágbára láti ní kí wọ́n gé e. Igi kan ṣoṣo, bó ti wù kó tóbi tó, kò sí nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé lọ́yà mi kò ní bá mi wá ohun tí aládùúgbò fẹ́ kọ́ jáde?

Ìdáhùn: Rárá. Ìwádìí tí lọ́yà ń ṣe lọ́dọ̀ káńsù, ilé tí ẹ fẹ́ rà ló dá lé, kì í sábà kan ohun tí àwọn ará ẹ̀yìn fẹ́ kọ́. Ẹ wọ ìkànnì káńsù fúnra yín, ẹ tẹ orúkọ àdúgbò náà, kí ẹ wo ẹni tó ti béèrè àṣẹ ìkọ́lé níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì ṣe é kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.